Ọ̀dà Rọ́bà Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Suhaib

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú Suhaib kúrò nílé ní Lagos Town ní Accra, inú píkọ́ọ̀pù tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Ọṣẹ ni Suhaib ń tà láyé rẹ̀. Ó ń lọ kó o ní Tema, á sì pín in fáwọn obìnrin ọlọ́jà káàkiri Accra. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọṣẹ làwọn èèyàn fi mọ ọkọ̀ náà. Bí Mùsùlùmí kan bá kú láàárín àwa Yorùbá tí àwọn onílùú ń pè ní Alata, Suhaib ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Á kó páálí ọṣẹ kúrò, á fọ ẹ̀yìn ọkọ̀, á lọ gbé àkéte onígi tí mọ́ṣáláṣí fi ń gbé òkú. Kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Alààyè lè dúró de bọ́ọ̀sì tròtrò. Òkú ò lè dúró."

Àbúrò rẹ̀, Bùràímọ̀, ló wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rọra ń wà á. Kò tíì kúrò ládùúgbò nígbà tí ọ̀kadà kan já sí i níwájú láti inú ọ̀nà tóóró kan. Bùràímọ̀ tẹ búrẹ́kì. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti dán látàrí páálí tí wọ́n ti ń wọ́ lórí rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ láàárọ̀ kò sì tíì gbẹ tán. Àkéte náà yọ̀ síwájú. Àwọn ọkùnrin tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ na ọwọ́ sí i, wọn ò bá a. Ó lọ kọlu ògiri irin tó wà lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, gbàà!

Habiba, ìyàwó Suhaib, wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn obìnrin tó wá bá a kẹ́dùn. Ó gbọ́ ọ.

"Ẹ rọra!" ó kígbe. "Ẹ rọra fún un o!"

Bí ẹni tí wọ́n ń gbé aláìsàn rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn ló ṣe ké e. Àwọn obìnrin dì í mú.

Wọ́n tún àkéte náà gbé sáyè rẹ̀, wọ́n sì sin òkú kó tó di ìrun Alásàrí. Lèmọ́mù sọ fún Bùràímọ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, pé òkú náà ti wà lọ́wọ́ Ọlọ́run kó tó di pé ó wọ ọkọ̀. Bùràímọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wa ọkọ̀ padà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sójú fèrèsé, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Gbogbo ìgbà tí Habiba fi wà nínú opó, ọkọ̀ náà ló ń rí nínú ọgbà. Òjò ń rọ̀ sí i, eruku ń bò ó, ewúrẹ́ ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kú, tí wọ́n wá béèrè ọkọ̀, Bùràímọ̀ á ní ara ọkọ̀ ò yá. Wọ́n á bá ibòmíràn lọ.

Habiba ò tíì pẹ́ tó jáde opó nígbà tí Bùràímọ̀ wá sílé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀.

"Ìyá Afeefah," ó ní, "mo ti rí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ yẹn."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ wá ẹni tó máa rà á?"

"Mi ò lè wà á mọ́. Bí mo bá rí i lásán, ìró yẹn ni mo ń gbọ́. Ẹ jẹ́ ká tà á. Kí ó lọ."

Habiba dìde. Ó gbé omi fún un, ó dúró títí ó fi mu ún.

"Ọkọ mi," ó ní, nítorí bí ìyàwó ilé ti ń pe àbúrò ọkọ nìyẹn, "èmi náà gbọ́ ìró yẹn. Kò tíì kúrò létí mi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọkọ̀ ló yọ̀, ọwọ́ yín kọ́. Bí a bá tà á báyìí, ẹlòmíràn ló máa gbé nǹkan sórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Àwọn òkú wa ńkọ́? Ta ni wọ́n á máa pè?"

Bùràímọ̀ gbé ife omi kalẹ̀.

"Ohun tó bá ń yọ̀," Habiba ní, "èèyàn á wá nǹkan tẹ́ sí i ni."

Usamah, aládùúgbò wọn tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó símẹ́ǹtì, ló bá wọn wa píkọ́ọ̀pù náà dé Madina, àdúgbò kan ní Accra, sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe, tó ń jẹ́ Kwabena. Accra ni wọ́n bí Habiba sí, èdè Twi ló sì fi bá a sọ̀rọ̀.

"Maame, kí lẹ fẹ́ máa fi kó?" Kwabena bi í.

"Ọṣẹ," Habiba ní. "Àti òkú."

Kwabena wò ó lójú. Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú àkísà, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Òkú inú pósí?"

"Rárá o. Mùsùlùmí ni wá. Orí àkéte onígi ni a ń tẹ́ ẹ sí, aṣọ funfun nìkan ló wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ ohun tí kò ní jẹ́ kí àkéte yẹn yọ̀ mọ́."

Kwabena kọ́kọ́ fi ike ńlá kan hàn wọ́n, tí wọ́n ti ṣe bí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù gan-an, tí èèyàn kàn máa gbé sínú rẹ̀. "Èyí yá. Ọ̀sán yìí lẹ máa gbé ọkọ̀ yín lọ. Àmọ́ omi máa ń ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, irin á sì máa jẹra ẹ ò ní mọ̀." Lẹ́yìn náà ló mú àwọn abala irin kéékèèké wá, tí ọ̀dà ti gan sí lára. "Èyí, fífín là ń fín in. Bó bá gbẹ, á le, síbẹ̀ á rọ̀ díẹ̀ bíi rọ́bà. Kì í ṣí kúrò lára irin."

Habiba ò sọ èyí tó fẹ́. Ó ṣa igi pẹlẹbẹ kan nílẹ̀, ó gbé e sórí ike náà, ó ní kí Kwabena gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sókè. Kò tíì gbé e ga tí igi náà fi yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó gbé e sórí irin lásán, ó tún yọ̀. Ó wá gbé e sórí irin tí wọ́n fín ọ̀dà sí. Kwabena gbé e sókè, ó gbé e sókè sí i. Igi náà dúró síbẹ̀. Bùràímọ̀, tó ti wà lẹ́yìn látàárọ̀, sún mọ́ wọn.

Ọ̀dà náà ò rí bákan náà lára gbogbo irin yẹn. Òmíràn ṣe ṣákiṣàki bí ojú òkúta, òmíràn sì kúnná bí iyanrìn odò. Habiba fi àtẹ́lẹwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi etí gèlè rẹ̀ nu èyí tó ṣe ṣákiṣàki jù, òwú gèlè sì há sí i.

"Èyí máa fa aṣọ òkú ya," ó ní. "Kò sì ní ṣe é fọ̀ dáadáa. Fún mi ní èyí tó wà láàárín."

"Àwọ̀ ńkọ́? Dúdú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe."

Bùràímọ̀ ló dáhùn. "Àwọn tó ń tẹ̀lé òkú máa ń bọ́ bàtà jókòó síbẹ̀. Ní oòrùn Accra yìí, dúdú á jó wọn lẹ́sẹ̀."

"A jẹ́ pé aláwọ̀ eérú ni," Kwabena ní.

Láti ọjọ́ kejì, Bùràímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ tròtrò lọ sí Madina láti lọ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Wọ́n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ gbogbo ọ̀rá kúrò. Wọ́n fi ẹ̀rọ ha ìpẹtà dànù títí irin fi funfun. Lẹ́bàá táyà òsì, ìpẹtà ti jẹ irin náà lu, wọ́n gé ibẹ̀ kúrò, wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n dé ògiri iwájú, Kwabena bá ibì kan tó tẹ̀ wọnú, bí ìgbà tí èèyàn fi orúnkún tẹ amọ̀.

"Kí ló gbá a?" ó bi Bùràímọ̀.

Bùràímọ̀ yọ fóònù rẹ̀. Ó bọ́ síta, ó pe Habiba.

"Ìyá Afeefah, a ti rí ojú ibi tí àkéte gbá. Kwabena fẹ́ lù ú jáde kó tó fín ọ̀dà. Mo ní kó dúró ná. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ọjà ni Habiba wà. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ kan kúrò láàárín ariwo.

"Kó lù ú jáde," Habiba wá ní. "Bàbá Afeefah ò sí níbẹ̀."

Kwabena gbé igi líle kan fún Bùràímọ̀ pé kó dì í mú mọ́ iwájú ògiri náà, kí òun lè máa lu irin láti ẹ̀yìn. Bùràímọ̀ dì í mú. Gbogbo bí òòlù ṣe ń bọ̀ ló ń gbọ̀n án dé èjìká. Kò fi sílẹ̀ títí irin náà fi tọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fín ọ̀dà, oòrùn ràn, afẹ́fẹ́ sì gbẹ. Kwabena ti fi sáńpépà ha gbogbo ara irin kí ọ̀dà lè rí ibi dì mú, ó ti fi ìwé àti téèpù bo gíláàsì àti etí ọkọ̀, ó sì ti kun ọ̀dà àkọ́kun. Ó wọ aṣọ tó bò ó látòkè délẹ̀, ó fi ìbòjú bo imú.

"Lọ dúró lọ́hùn-ún," ó sọ fún Bùràímọ̀. "Èyí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà símú."

Oògùn inú agolo méjì ló ń pàdé lẹ́nu ọ̀pá ìfín náà, tó ń di ọ̀dà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun, ó fín ògiri, ó wá ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ lórí ilẹ̀ títí ó fi dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń dín nǹkan nínú epo. Nígbà tí àkọ́fín gan díẹ̀, ó tún fín in ní ìbú. Nígbà tó ṣí ìbòjú rẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti di aláwọ̀ eérú, kò dán mọ́, kò sì sí ibi tí irin ti yọ ojú.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí fóònù Bùràímọ̀ fi dún. Habiba ni. Màmá Ìbídùn, arúgbó tó ń ta aṣọ nítòsí mọ́ṣáláṣí, ti jáde láyé. Wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbọ́ pé ọkọ̀ Suhaib ti padà sẹ́nu iṣẹ́, òun sì ni wọ́n ń dúró dè.

Bùràímọ̀ yíjú sí Kwabena. "Ṣé a lè gbé e báyìí?"

Kwabena fi ìka kan etí ọ̀dà náà. "Kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò tíì gan. Bí ẹ bá gbé ẹrù lé e lónìí, ó máa bó."

"Arúgbó kan ṣoṣo ni. Kò wúwo. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ lo dúró tì mí tí mo fi ṣe é. Ṣé o fẹ́ kó bó?"

Habiba gbọ́ wọn lórí fóònù. "Ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Màá bá Usamah sọ̀rọ̀. Ẹ máa bọ̀, a nílò yín."

Nígbà tí Bùràímọ̀ fi dé, Usamah ti gbá ẹ̀yìn ọkọ̀ símẹ́ǹtì rẹ̀, ṣùgbọ́n irin lásán ló wà níbẹ̀, ó sì ń dán. Wọ́n gbé àkéte sí i. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan, Bùràímọ̀ ti gùn ún. Ó fẹ̀yìn ti ògiri iwájú, ó ya ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àkéte mú. Gbogbo gẹ̀gẹ̀lẹ̀ títì ló ń dé ara rẹ̀. Usamah tẹ búrẹ́kì lẹ́ẹ̀kan, àkéte náà ta síwájú, àyà Bùràímọ̀ ló gbà á. Kò gbọ́ ìró kankan bí kò ṣe ti èémí ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibojì, ọwọ́ rẹ̀ ti bó, eruku símẹ́ǹtì sì ti sọ ọ́ di funfun. Òun náà wà lára àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ gba òkú nínú sàréè.

Lẹ́yìn ìrun Mọ̀ngàríbì, ó lọ sọ́dọ̀ Habiba. Habiba bu omi sínú abọ́, ó ń wẹ ọwọ́ rẹ̀ fún un.

"Mo ti mọ ibi tó kàn mí," Bùràímọ̀ ní. "Ẹ̀yìn ni. Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ máa wà, lọ́dọ̀ wọn. Mi ò ní wa ọkọ̀ yẹn mọ́, kì í ṣe nítorí ẹ̀rù."

"Ta ló máa wá wà á?"

Bùràímọ̀ wò ó. Habiba ń nu ọwọ́ náà lọ, ó ń yẹra fún ibi tó bó. Habiba ní, "Ẹ kọ́ mi."

Nígbà tí ọ̀dà náà gan tán, wọ́n gba ọkọ̀ padà, Bùràímọ̀ sì kọ́ ọ. Ojú ọ̀nà Tema ni wọ́n ti kọ́ ọ, pẹ̀lú páálí ọṣẹ lẹ́yìn, títí ó fi gba ìwé ìwakọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé mọ́ṣáláṣí, àwọn kan bínú pé obìnrin kì í tẹ̀lé òkú lọ sí ibojì. Lèmọ́mù gbọ́ tẹnu wọn tán. Ó ní kí Habiba wa ọkọ̀ dé ẹnu géètì, kó dúró níbẹ̀. Pé kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé obìnrin ò gbọdọ̀ wa ọkọ̀.

Bàbá àgbà kan ní Madina ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Bùràímọ̀ wà lẹ́yìn, láìwọ bàtà. Habiba wa ọkọ̀ náà láti Madina dé ẹnu géètì ibojì, ó pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọkùnrin gbé àkéte wọlé lọ. Habiba jókòó sídìí ọkọ̀ pẹ̀lú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Suhaib, kò tíì sún mọ́ ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Láti ibi tó wà, ó ń rí igi dóńgóyárò kan, àti àwọn òkìtì amọ̀ pupa lẹ́yìn rẹ̀, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ nínú wọn. Ó kí gbogbo wọn.

"Àlàáfíà fún yín," ó ní, "ẹ̀yin ará ilé yìí."

Ó wá ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà.