Ibojì Àwọn Kreider ní Òkè Ápù

Nígbà yẹn, Delbert ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà láyé. Hulda tó ń wa katakata bí ọkùnrin wà láyé. Bàbá Fessler tó ń ta wàrà wà láyé, àti ìyàwó rẹ̀ tí kì í dákẹ́. Verna, ìyàwó Delbert, wà láyé, ó sì máa ń kọrin nídìí ààrò láràárọ̀. Ẹni tó ti lọ nínú wa ni Emmett, ọmọ kan ṣoṣo tí Verna bí, ọmọ ọdún méje, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú lọ nígbà ooru.

Orí gegele tó wà lẹ́yìn abà la sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bàbá bàbá wa. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe ní Kessling, kálukú lórí ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Verna tún lè rẹ́rìn-ín, ó wí fún mi níbẹ̀ pé, "Wilma, ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi yìí ni kí ẹ tẹ́ mi sí. Kí Delbert wà lódìkejì mi. Ó máa ń hanrun, kó má baà jí ọmọ."

Kessling wa yìí, máìlì mẹ́fà ni lóròó, máìlì mẹ́fà ni níbùú. Àwọn tó kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ Ohio ló gé e bẹ́ẹ̀, bí ẹni gé kéèkì. Gbogbo ọ̀nà rẹ̀ ló gún régé. Odò Sutter nìkan ló ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ gba inú oko wa kọjá. Nígbà tí a bá ń túlẹ̀, a máa ń hú orí ọfà tí wọ́n fi òkúta gbẹ́, ti àwọn tó ni ilẹ̀ náà ṣáájú wa. Àwa ọmọdé á kó o sínú agolo, a ó fi ṣeré. Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí wọ́n sin òkú tiwọn sí.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìjọba la ọ̀nà ńlá gba àárín wa. Ọ̀nà yẹn ló kó àwọn ará ìlú ńlá dé. Oko ń di ilé, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan tiwa. Ọkùnrin kan tó ń kọ́lé tà, Pruett lorúkọ rẹ̀, wá bá Delbert. Ẹ̀yìn ti ń dun ẹ̀gbọ́n mi, kò sì sí ọmọ tí yóò gba oko lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun á tà á, ṣùgbọ́n ibojì ò sí lára ohun tí òun ń tà.

"Ibojì yẹn? Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá," ni Pruett wí. "Ibẹ̀ lẹ̀yin àti màmá máa sùn. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi dí yín lọ́wọ́?"

Ó na ọwọ́, Delbert sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Lọ́dọ̀ wa, tí ọkùnrin méjì bá ti bọ ara wọn lọ́wọ́, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá wa ṣe ń ra màlúù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ta ẹṣin.

Verna ní, "Ṣé kò yẹ kó kọ ọ́ sílẹ̀?"

Delbert wò ó bí ìgbà tó tutọ́ sí òun lára. "Ṣé o fẹ́ dójú tì mí níwájú àlejò ni?"

Àwọn òṣìṣẹ́ Pruett gé àwọn igi ápù inú oko wa. Wọ́n da odò Sutter sínú páìpù, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n wá pe ibẹ̀ ní Òkè Ápù. Kò sí òkè níbẹ̀, ápù ò sì sí mọ́. Wọ́n fi orúkọ wa pe ọ̀nà tó gba ibi tí abà wà: Ọ̀nà Kreider. Nígbà tí Delbert kú, a rí i sin síbẹ̀, torí ilé ò tíì dé gegele. Pruett alára wá, ó ṣí fìlà.

Ìgbà tí ilé yí gegele ká, Pruett ti kó lọ sí Florida. Àwọn tó ra ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n ní àwọn ò lè máa yan ẹran níta kí àwọn máa wo sàréè. Ìgbìmọ̀ ìlú fi irin yí ibẹ̀ ká, wọ́n fi àgádágodo sí i, wọ́n ní àwọn á dìbò bóyá wọ́n á tún sin ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

Verna wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, mo fi mọ́tò mi gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn mẹ́ta ló jókòó níwájú. Dwayne ló wà láàárín, ọmọ-ọmọ Bàbá Fessler, tí Verna kọ́ ní Bíbélì, tó jẹ páì ápù rẹ̀ dàgbà.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ ní, Mà."

"Mi ò ní lò tó bẹ́ẹ̀, Dwayne. Ọmọ mi wà níbẹ̀, ọkọ mi wà níbẹ̀, ààyè tèmi wà láàárín wọn. Ẹ ṣí i fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ wá tì í pa."

Ọkùnrin kan láti Òkè Ápù dìde lẹ́yìn. "A ò kórìíra màmá o. Àmọ́ ẹ̀yìnkùlé wa ni. Àwọn ọmọ wa ń ṣeré níbẹ̀."

Verna yíjú sí i. "Ọ̀gbẹ́ni, òkú ni màá jẹ́. Mi ò ní wá bù nínú ẹran yín."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Dwayne ò rẹ́rìn-ín, tábìlì ló ń wò. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n ti ibẹ̀ pa na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ tirẹ̀ ló gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó nà á.

"A máa ri òkúta kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀, Màmá Verna. A máa kọ ìtàn ìdílé yín sí i, kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè máa kà á."

"Kí ni kí wọ́n kà, Dwayne? Pé a ti wà níbí rí?"

Nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ lọ́dún yẹn, ó ní kí n gbé òun lọ wò wọ́n. Mo dúró sí Ọ̀nà Kreider. Verna ti ọwọ́ bọ àárín irin, ọwọ́ rẹ̀ ò tó òkúta Emmett. Obìnrin kan jáde láti inú ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó gbé ajá mọ́ra.

"Ṣé mo lè ràn yín lọ́wọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kéèyàn kúrò.

"Ilé mi ni mo wá," ni Verna wí.

"Ilé yín? Èwo nínú wọn?"

"Ibi tí o dúró sí yẹn, ibẹ̀ là ti ń fún wàrà màlúù."

Obìnrin náà wọlé lọ, mo rí i lójú fèrèsé tó ń tẹ fóònù. Verna ní òtútù ń mú òun. Mo mú un padà sínú mọ́tò, mo da aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Wilma, ṣé itẹ́ òkú ìlú tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ńlá ni wọ́n á wá sin mí sí?"

Mo fa aṣọ náà gòkè dé àyà rẹ̀.

"Pẹ̀lú ariwo ọkọ̀ yẹn," ló wí. "Mi ò ní rí oorun sùn."

Ó wá dákẹ́. Mo rò pé inú ló ń bí i. Ọlọ́pàá dé, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó kan gíláàsì mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Verna. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò lè dúró síbí." Ó tún kàn án. Mo fọwọ́ kan ojú Verna.

Mo ní, "Yéé kàn án. Ó ti kú."