Ta Ló Nawọ́ fún Sìmẹ́ńtì?

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín jàre, bóyá inú mi á rọ̀ díẹ̀. Lọ́dún Fẹ́sítákì, kánsù kọ́ ilé ìgbẹ̀bí kan fún wa ní Ìkòtún. Wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, ó ku kí nọ́ọ̀sì dé. Ibi tí a ti ń retí nọ́ọ̀sì la ti rí ọkọ̀ ńlá tó ń já sìmẹ́ńtì. Àpò lórí àpò, títí dé ojú fèrèsé. Ìgbà yẹn, sìmẹ́ńtì ti kún Èkó débi pé ìjọba ò mọ ibi tí wọ́n máa kó o sí mọ́. Ilé tí aboyún máa bímọ sí ló wá di ilé ìkẹ́rùsí kánsù. Wọ́n ní ìpàdé ló fọwọ́ sí i. Àwọn kánsẹ́lọ̀ jókòó, wọ́n nawọ́, sìmẹ́ńtì wọlé.

Bí ẹ bá ní kí ló kàn mí níbẹ̀, Àtọ́kẹ́ ọmọ mi ló kàn mí. Oyún rẹ̀ àkọ́kọ́, inú ọkọ̀ ló bí i sí lójú ọ̀nà Ìkẹjà, nítorí kò sí ibi ìgbẹ̀bí nítòsí. Ọmọ náà ò ké rárá. Ó ti wá tún lóyún báyìí, oyún náà sì ti wọ oṣù keje. Iwájú ilé yẹn ló ń gbà kọjá lójoojúmọ́ bó bá ń bọ̀ ní ìsọ̀ mi, níbi tí a ti ń ránṣọ. Kì í sọ̀rọ̀. Á kàn wo fèrèsé, á sì máa lọ. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ ní tèmi.

Mo kọ́kọ́ lọ bá kánsẹ́lọ̀ àdúgbò wa, Akínbọ́lá, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Julius. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi rán agbádá tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un.

"Ìyá Àtọ́kẹ́, èmi kọ́ o!" ó ní. "Èmi nawọ́ fún sìmẹ́ńtì? Láéláé!"

Ó dáa. Mo lọ sí Ìdímù, ti Ìdímù ní òun kọ́. Mo lọ sí Ìgàńdò, tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún: ṣé mo rò pé òun ò níyàwó nílé ni? Ti Ẹ̀gbẹ́dá ní inú bí òun débi pé òun ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n, yàtọ̀ sí alága, gbogbo wọn ló ní àwọn kọ́. Ẹ̀yin èèyàn, ta ló wá nawọ́? Àbí sìmẹ́ńtì ló nawọ́ fúnra rẹ̀?

Mo lọ sí ọ́fíìsì kánsù. Ọlọ́runṣògo, akọ̀wé wọn, ní ìwé ìpàdé wà, orúkọ ẹni tó nawọ́ àti ẹni tí kò nawọ́ wà níbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n rí i."

"Ìwé ìjọba ni, Màmá."

"Ṣebí nítorí tiwa ni wọ́n ṣe ń ṣèpàdé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀ yín."

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá Julius. Ó ní ọwọ́ akọ̀wé ni ìwé wà, kì í ṣe ọwọ́ òun. Mo padà sọ́dọ̀ akọ̀wé. Ó ní àfi kí alága fọwọ́ sí i. Alága ńkọ́? Ó ti lọ ra nǹkan ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní ó dáa, màá wá jókòó nínú ìpàdé wọn kí n fojú ara mi rí i. Ó ní òfin gbà á, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé, àmọ́ kò sí àga fún aráàlú. Mo ní màá dúró. Ó ní òfin ò sọ̀rọ̀ ìdúró. Ẹ gbọ́ mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ gèlè mi jù lù ú!

Ìbínú yẹn ni mo gbé dé ọ̀dọ̀ Àáfà Nùrẹ́nì, onílé mi.

"Àáfà," mo ní, "àwọn kánsẹ́lọ̀ yìí ní àwọn gbìyànjú fún wa, a ò sì tíì kí wọn kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n, ká ṣàdúrà fún wọn."

Ó wò mí títí. Ó ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ á dára.

Ta ló máa kọ àdúrà? Mùsùlùmí inú wọn wá, Kìrìsìtẹ́nì inú wọn wá, pẹ̀lú ìyàwó wọn. Ọmọ́wùnmí, ìyàwó kékeré Bàbá Julius, náà wá, ikùn rẹ̀ ti yọ. A tẹ́ ẹní síwájú ilé Àáfà, gbogbo àdúgbò pé.

Àáfà ní, "Ẹni tí kò bá nawọ́ fún sìmẹ́ńtì, kó dìde gba àdúrà."

Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń ṣẹ́ etí agbádá.

"Ẹ ò ní rí ibi."

"Àmín!"

"Ẹ ó dàgbà, ẹ ó dògbó."

"Àmín!"

"Bí ẹ ṣe ṣe sí àwọn aboyún wa nínú ìpàdé ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí Ọlọ́run ṣe sí aboyún ilé yín."

Ọmọ́wùnmí nìkan ló ṣe àmín, ó sì ṣe é kíkankíkan, torí pé ó gba ọkọ rẹ̀ gbọ́. Ó wá gbójú sókè wò ó.

"Ẹ ṣe àmín, Bàbá Julius. Ẹ ò gbọ́ ni?"

Ọkùnrin náà wo ikùn ìyàwó rẹ̀. Ó sì rọra jókòó. Ti Ìgàńdò jókòó tẹ̀ lé e. Ti Ìdímù jókòó. Ẹ̀yìn náà ni gbogbo wọn jókòó tán, kò ku ẹyọ kan lórí ìdúró. Ọkàn mi bàjẹ́, mi ò purọ́. Mo ti rò pé ó kéré tán, ẹnì kan á dúró.

"Ẹ ní ẹ̀yin kọ́," Ọmọ́wùnmí ní, ó bú sẹ́kún.

Bàbá Julius dìde, ó bọ́ agbádá tí mo rán, ó kọjá lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Òun ló kọ́kọ́ gbé àpò kan rù. Àwọn yòókù ò rí ibi fara pamọ́ sí, wọ́n bá tẹ̀ lé e. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kánsù, tó wà ní òdìkejì títì, ni wọ́n ń kó o sí. Ní ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀dì ti ń fojú hàn.

Ìgbà yẹn ni Ọlọ́runṣògo sáré jáde.

"Ta ló fọwọ́ sí i pé kí ẹ kó o?" ó ń pariwo. "Kò sí nínú ìwé ìpàdé!"

Mo ti lanu láti rọ̀jò èébú lé e lórí. Àmọ́ Àtọ́kẹ́, tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kan, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu eruku sìmẹ́ńtì kúrò lára bẹ́ẹ̀dì náà. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Bọ̀dá akọ̀wé," ó ní, "ẹ gbé ìwé náà wá síbí, kí ẹ wá kọ ọ́ lójú wa."