Ariwo Tí Wọ́n Yọ Kúrò

Láti ìgbà tí Felicia ìyàwó mi ti kú, iyán ẹni méjì ni mò ń gún. Ti ẹnì kejì, ajá aládùúgbò ló ń jẹ ẹ́. Àwọn ará Ìlúpéjú ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Kí wọ́n máa wí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ mi bí mo ṣe máa jẹun nínú ilé mi, kó kọ́kọ́ wá bá mi fọ odó.

Atukọ̀ ni mí. Ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ti lo ìgbà èwe mi, láti Àpápá dé Hamburg ní Jámánì, mo sì ti rí ìgbì tó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ níbí? Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n mọ̀. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí Bùkúnmi wá láti Ọyẹ́. Ọmọ atukọ̀ kan ló dá ilé ìkàwé kékeré sílẹ̀ níbẹ̀, tó ń kó àwòrán ọkọ̀ àti ohùn àwọn atukọ̀ àgbà pa mọ́. Bùkúnmi, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ka orí tábìlì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Felicia ṣì wà láyé nígbà náà, ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń gúnyán.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e lọ. Dayọ̀, ọmọ wa kan ṣoṣo, fò wá láti Kánádà, ó sin ín, ó sì padà. Ilé wá dákẹ́. Àwòrán Felicia wà lára ògiri, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń fọ odó ni mo rántí: ẹ̀rọ Bùkúnmi gbọ́ ọ! Mo wọ bàtà, mo dá ọ̀kadà dúró, ó di Ọyẹ́.

Bùkúnmi kúnlẹ̀ kí mi, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn bò mí létí. Mo gbọ́ ara mi: ìgbì, ẹ́ńjìnnì, òtútù Hamburg. Mò ń dá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nínú kànga. Kò sí ìró odó. Kò sí Felicia.

“Ibo ni ìyókù wà?”

“A ti tún un ṣe, Bàbá,” inú rẹ̀ ń dùn. “Wọ́n ti bá wa yọ gbogbo ariwo kúrò. Ìró odó Màmá ti wọ inú rẹ̀ jù, Màmá náà sì ń dá sí ọ̀rọ̀ yín láti ẹ̀yìnkùlé.”

“Ìyàwó mi lẹ ń pè ní ariwo?” Àwọn tó ń kàwé yíjú wò mí. Kí wọ́n wò. Omi ti lé sí mi lójú. “Ó ti kú, Bùkúnmi. Ariwo yẹn ni mo bá wá.”

Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń wá èyí tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn títí ó fi rí i.

Gbì, gbì, gbì. Odó nìyẹn. Mo gbọ́ tí mo ní kí Bùkúnmi wá wo àwòrán ọkọ̀ mi ní yàrá. A jáde, a gbàgbé ẹ̀rọ lórí tábìlì. Ìró odó dáwọ́ dúró. Ẹsẹ̀ ẹnìkan súnmọ́ tòsí.

“Ẹ̀yin ará Ọyẹ́, ẹ ńlẹ́ o.” Felicia ni, èdè ìlú wa lẹ́nu rẹ̀. “Bàbá Dayọ̀ á sọ fún yín pé òun lọ sókun. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ bi èmi léèrè ulé. Gbogbo ìgbà tó fi lọ, iyán ẹni méjì ni mò ń gún. Mo máa ń dé tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ulẹ̀ bá mọ́ tí kò dé, èmi náà ni mo ń jẹ ẹ́ ní tútù. Mi ò sọ fún un rí. Ẹ má sọ fún un o.” Ó wúkọ́, ó padà sídìí odó.

Mo ní kí Bùkúnmi tún un gbé sí i. Ó tún un gbé. Nígbà tí mo dìde, ó bi mí bóyá kí wọ́n dá a padà sínú ìtàn mi.

“Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i pẹ̀lú,” mo ní.

Mo délé, mo gún iyán ẹni méjì. Ajá wá, mo lé e. Mo dé ti Felicia sílẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí i. Ó ti le. Mo jókòó, mo jẹ ẹ́ tán ní tútù, mo sì mọ ohun tó ń jẹ nígbà tí mo wà lójú òkun.