Àwọn Tí Salome Sẹ́

"Ìbéèrè kan péré ló kù," Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéníran wí, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ń dán Salome wò lórí ìwé ìwádìí rẹ̀ ní yunifásítì. "Àwọn olùsìn Ọbàtálá ní Ìwáyà tí o ṣe ìwádìí nípa wọn yìí, ṣé ìwọ náà wà lára wọn?"

Ìbéèrè tí kò le rárá. Ọdún mẹ́ta ni Salome ti ń jí lọ sí Ìwáyà ní ìdájí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá, tí ó ń wọ aṣọ funfun, tí ó ń pọn omi tútù fún òrìṣà. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ nínú ilé òrìṣà yẹn kí ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ tó dé rárá. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lọ sẹ́yìn yàrá. Margaret, ìyá rẹ̀, olórí àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn ní Surulere, jókòó síbẹ̀ tòun ti gèlè. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni Màmá Gertrude, ìyálórìṣà ilé Ìwáyà, wà nínú aṣọ funfun. Àwọn méjèèjì jọ ń jẹ bisikíìtì bí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Salome fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n, òmùgọ̀ ọmọ. Kò kàn rò ó pé wọ́n lè jókòó pọ̀.

"Rárá o, sà," ó dáhùn. "Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí. Mo kàn ń wò wọ́n ni."

Ó tún wá rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn ló burú jù. Àwọn olùdánwò bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó yege, wọ́n yìn ín pé kò gbè sápá kan. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Màmá Gertrude náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

Salome tó kọ ìwé gbọọrọ nípa bí ojú ṣe ń ti àwọn ọ̀dọ́ Èkó láti jẹ́wọ́ òrìṣà, òun náà rèé!

Ní kọ́rídọ̀, ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn. "O káre, ọmọ mi! Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń bi mí pé kí lò ń wá lọ́dọ̀ àwọn abọ̀rìṣà. Tó bá di Sọ́ńdè, màá fún wọn lésì." Ó yíjú sí Màmá Gertrude. "Ẹ má bínú o, mà. Báwo lẹ ṣe mọ ọmọ mi?"

Màmá Gertrude wo Salome. Ojú rẹ̀ kò le rárá.

"Ó máa ń wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ fún ìwé rẹ̀ ni," ó wí. "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹ kú ìtọ́jú." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó forí lé ọ̀nà gééètì.

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Ẹni tí Salome sẹ́ ló tún ń bò ó láṣìírí.

"Màmá!" Salome sáré tẹ̀lé e. Nílé Ọbàtálá ní Ìwáyà, bí ọmọbìnrin ilé bá fẹ́ kí ìyálórìṣà, kì í kúnlẹ̀ lásán. Yóò dùbúlẹ̀, yóò fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kanlẹ̀, yóò yí, yóò fi tòsì náà kanlẹ̀. Àlejò kì í ṣe é. Salome dùbúlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tòun ti kóòtù tuntun tí ìyá rẹ̀ rà fún un. Ó fi ọ̀tún kanlẹ̀, ó fi òsì kanlẹ̀.

"Dìde," Màmá Gertrude sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ìyá ẹ ń wò ẹ́."

"Mo mọ̀, mà."

Margaret ti dé ọ̀dọ̀ wọn. "Salome, kí lò ń ṣe nílẹ̀ yẹn?"

Salome dìde. "Mọ́mì, irọ́ ni mo pa nínú yàrá yẹn. Ọmọ ilé wọn ni mí."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́ta, mà."

Margaret wo Màmá Gertrude, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wá rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ọdún mẹ́ta. Ìwọ pẹ̀lú mi sì jọ ń kúnlẹ̀ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa."

Salome kò ro ti èyí rí, pé òun ti sẹ́ ìyá òun náà. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì," ó wí, kò sì gbójú kúrò.