Àmín Tí Kò Yẹ

Lìádì ọkọ mi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé nǹkan ń ṣe wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ tí etí òsì wọn ṣàdédé dí, wọ́n ní omi ìwẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Mo jà títí kí wọ́n tó gbà láti rí dókítà. Wọ́n lo oògùn tán, etí kò ṣí.

Kàkà kí wọ́n sọ fún èèyàn, ọgbọ́n ni wọ́n dá. Ẹni tó bá ti òsì bá wọn sọ̀rọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Àmín, àmín." Yorùbá wo ló máa bínú sí àmín? Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé àmín tí wọ́n ti ṣe á gbé wa dé Mẹ́kà láì wọ bàálù.

Ọ̀rẹ́ wọn kan wà tó ń jẹ́ Nojeem, tí wọ́n jọ ń kó ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, ó jókòó tì wọ́n lósì, ó sọ fún wọn pé ìyá òun kú ní Ìwó.

"Àmín o," lọkọ mi wí, tẹ̀ríntẹ̀rín. "Irú ẹ̀ á tún ṣẹlẹ̀, lágbára Ọlọ́run."

Nojeem dìde, kò sì bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnu ẹlòmíì ni wọ́n ti gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe àmín sí. Inú bí mi sí wọn, àánú wọn sì tún ṣe mí, nítorí wọn kò lè jẹun.

Mo wọ́ wọn lọ sọ́dọ̀ Raheemat, dókítà ọmọ Yorùbá tó ń yẹ etí wò ní Decatur. Ìlú òyìnbó níbí ni wọ́n bí ọmọ náà sí, tó bá ń sọ Yorùbá, ohùn rẹ̀ a máa gòkè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀. Ó yẹ etí wọn wò tán, ó wá jókòó sí ọ̀tún wọn.

"Daddy, mi ò ní parọ́ fún yín. Etí òsì yìí, it may not come back. A máa try hearing aid, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ máa sọ fún people pé kí wọ́n bọ́ sí ọ̀tún yín."

"Kí n wá máa polówó àìsàn?"

"Ó dùn yín gan-an, àbí?"

Ọkọ mi kọjú sí ògiri. "Ojú ń tì mí ni. Nojeem á ní àwáwí ni mò ń wá."

"Ẹ kọ́kọ́ practise ẹ̀ with Mummy."

Mo bọ́ sósì, mo sọ̀rọ̀. "Àm..." ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo ranjú mọ́ wọn. Raheemat rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

"Samirah," wọ́n wá ní, "mi ò gbọ́ ẹ. Bọ́ sí ọ̀tún."

Láti ibẹ̀ ni a ti lọ sílé Nojeem ní West End. Ó ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò ní ká jókòó.

"Nojeem, etí òsì mi ti kú. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó o sọ lọ́jọ́ náà."

Nojeem ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. "Orí ẹ ò pé, Lìádì. O ò wá lè sọ fún mi?"

Ó fà wọ́n jókòó sórí àga, ó jókòó sí ọ̀tún wọn, ó sì gbá ọwọ́ wọn mú.

"Ìyá mi kú," ó wí.

Ọkọ mi bú sẹ́kún.