Dígí Ara Ògiri

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ọ́. Ògiri ilé wa lanu díẹ̀ lọ́dún tó kọjá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Ìyá Agbálẹ̀. Ṣùgbọ́n aláǹgbá tó wá bá tiwa, bàtà ló wọ̀, ó sì há fáìlì mọ́ abíyá.

Aṣojú onílé ni. Ó mú wolé-wolé wá láti ọ́fíìsì ìjọba, ó nàka sí ibi tó sán. Wolé-wolé fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri. Ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Bí ògiri náà bá ṣì ń yẹ̀, gbogbo wa á kó jáde.

Yàrá mẹ́rìnlá ni wá: agbálẹ̀ títì, aránṣọ, ọlọ́dẹ, èmi tí mo ń tún bàtà ṣe, àtàwọn yòókù. Kò sí ilé mìíràn nílùú tí agbára wa ká. Ilé tuntun kúkú pọ̀, wọ́n ga, wọ́n ń dán, òfìfo sì ni púpọ̀ nínú wọn; Ìyá Agbálẹ̀ ló ń gbá iwájú wọn láràárọ̀. Irú wọn ni onílé fẹ́ kọ́ síbi tí à ń sùn.

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, àwọn kan ti ń di ẹrù. Ọlọ́dẹ ní òun á kúkú lọ máa sùn níbi iṣẹ́.

Ìyá Agbálẹ̀ wò ó. "Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ lo ti ń sùn tẹ́lẹ̀?"

Kí ìyá yìí tó mú ìgbálẹ̀, ọdún méjìdínlógún ló fi po sìmẹ́ǹtì fún ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ bíríkìlà, kí ọkọ náà tó kú. Ó mú àfọ́kù dígí wíńdò, ó gé e wẹ́wẹ́ bí ìka ọwọ́, ó sì fi sìmẹ́ǹtì lẹ mẹ́ta dábùú ibi tó sán: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Ó fi ìṣó kọ déètì ọjọ́ náà sára sìmẹ́ǹtì tútù.

"Ìyá, kí lẹ wá ń ṣe yìí?" mo bi í.

"Mo ń bi ògiri léèrè ọ̀rọ̀ ni. Dígí kì í tẹ̀, ọmọ mi. Bí ògiri bá sún, bó ṣe ìwọ̀n fọ́nrán irun, dígí á kán. Bí kò bá kán, a jẹ́ pé awọ ló bó, egungun ò mọ̀ sí i. Ọkọ mi kì í dá ògiri lẹ́jọ́ láìkọ́kọ́ bi í."

Lọ́sẹ̀ kejì, aṣojú onílé dé, ó rí dígí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ilé ń wó lọ, ẹ̀ ń lẹ̀ ẹ́ bí ẹni lẹ egbò."

"Ọ̀gá, tálákà ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ," Ìyá Agbálẹ̀ dá a lóhùn, ó dojú bolẹ̀. Àwa náà gbé ẹ̀rín mì. Ká ní ó mọ ohun tó ń wò ni, òkò kékeré kan ì bá ti parí ọ̀rọ̀ wa.

Òjò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Láràárọ̀, Ìyá Agbálẹ̀ á fọwọ́ ra dígí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó lọ síbi iṣẹ́. Láìpẹ́, gbogbo ilé ló ń fọwọ́ rà á. Ọlọ́dẹ tú ẹrù rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Aṣojú onílé ti ń sọ bí ògiri ṣe ń lanu sí i, kí wolé-wolé tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi awò sójú, ó ka déètì, ó yẹ dígí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó kán.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni. Ọkọ mi ló kọ́ mi."

Ó kọjú sí aṣojú onílé. "Ògiri ò yẹ̀. Kí onílé yín wá rẹ́ ibi tó sán."

"Nítorí dígí lásán?"

"Ìbéèrè tí mo fẹ́ wá bi ògiri náà nìyẹn. Wọ́n ti bá mi bi í." Ó fi ọ̀dà dúdú pa àmì pupa rẹ́.

Aṣojú onílé ká fáìlì rẹ̀. "Ọ̀nà mìíràn ṣì wà. Ẹ máa jáde náà ni."

Gbogbo wa wà lójúde. Ẹnikẹ́ni ò mira.

"Ẹ gba ibẹ̀ wá," Ìyá Agbálẹ̀ wí. "A bi ògiri, ògiri ní òun ò lọ ibì kankan. Ta ló wá sọ fún yín pé àwa ń lọ?"

Ó mú ìgbálẹ̀. Bí ọkùnrin náà ṣe ń lọ ló ń gbá ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ó fi dé títì. Ó ní iṣẹ́ òun ni.