Àwọn Àgbà Tó Lọ Bẹ̀bẹ̀ fún Kóòṣì Làtíìfù

Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n na ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Kóòṣì Làtíìfù ń kọ́ léraléra. Kì í sì í ṣe nínà kékeré. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sí Deptford, góòlù tó wọlé pọ̀ débi pé àwọ̀n ya, aṣọ́lé wọn sì ní kí wọ́n jẹ́ kóun lọ gbé ilẹ̀kùn ilé àwọn wá dí i. Kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ padà dé, gbogbo Peckham, àdúgbò wọn ní London, ti gbọ́ pé wọ́n máa lé Kóòṣì. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Rye Lane. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà ní mọ́sáláṣí. Lórí Wọ́sáàpù àwọn obìnrin àsàlátù, ọ̀rọ̀ náà yí ká títí fóònù fi gbóná débi téèyàn lè dín dòdò lé e lórí.

"Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni."

"Ọ̀sẹ̀ wo? Wọ́n ti lé e tipẹ́, ojú ló ń tì í."

Làtíìfù ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ọkùnrin yìí, tó bá ké "Malachi, padà sẹ́yìn!" lórí pápá ní Peckham, àwọn ará Bermondsey á sáré ti fèrèsé, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù á dìde á padà sẹ́yìn. Àmọ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, tí wọn ò tíì wó àwọn ilé North Peckham Estate, ó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó gbálẹ̀ ọ́fíìsì, ẹnì kan ò mọ orúkọ rẹ̀. "Ìwọ yẹn" ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, ó ti di Kóòṣì. Nínú bọ́ọ̀sì, Kóòṣì. Lọ́dọ̀ ẹlẹ́ja, Kóòṣì. Tí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tí wọ́n tún fẹ́ máa pè é.

Lọ́jọ́ Ajé, Bethany, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kó wá rí òun láago mẹ́wàá ọjọ́bọ̀, kí àwọn sọ̀rọ̀ nípa ọdún tó ń bọ̀. Làtíìfù ka ọ̀rọ̀ náà títí ojú fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.

"Ta ló ti bá ẹ bẹ̀ ẹ́?" Mìsítúrà ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Bẹ ta ni?"

"Bethany yẹn náà."

"Mìsítúrà, ibí kì í ṣe Ìjẹ̀bú-Òde. Wọn kì í bẹ̀bẹ̀ torí iṣẹ́ níbí."

"Ṣé òyìnbó ò létí ni? Nígbà tí wọ́n fẹ́ lé bàbá mi ní ibiṣẹ́ omi, àgbà mẹ́rin ló lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá mi ti padà sídìí ẹ̀rọ. Ìwọ ṣáà máa ṣe fàájì kiri."

"Mo ní n ò fẹ́! Má rán ẹnikẹ́ni o!"

Mìsítúrà dákẹ́. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò dákẹ́ rí. Ó yẹ kí ìyẹn ti dẹ́rù bà á.

Lọ́jọ́bọ̀, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́wàá lù nígbà tí Làtíìfù gbé àpò bọ́ọ̀lù dé ẹnu ilẹ̀kùn gíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó rí aṣọ ńlá mẹ́ta nílẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ó rò pé kọ́tìnnì ló já bọ́. Lẹ́yìn náà ló rí ẹsẹ̀. Alhaji Jẹ̀lílì, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí irin wà nínú orúnkún rẹ̀ méjèèjì, tó jẹ́ pé èèyàn mẹ́ta ló ń fà á dìde lórí àga, òun ló nà gbalaja sílẹ̀ láàárín àgbà mọ́sáláṣí méjì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rò pé ọkàn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jí ọkàn wá, ó ń wo èyí tó máa kọ́kọ́ jí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde," ni Bethany ń wí. Òun náà ti kúnlẹ̀.

"A ò ní í dìde, màdáámù." Òyìnbó tí Alhaji fi wa bọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún ló ń sọ. "Ohunkóhun tí Làtíìfù bá ṣe, ẹ fojú fò ó. Ẹni tó ń bá ọmọ ọlọ́mọ ṣiṣẹ́, kò lè ṣe kó má ṣìwà hù. Iṣẹ́ èṣù ni."

Ojú Bethany yí padà. "Kí ló ṣe fún àwọn ọmọ?"

Ẹni tó mọ ẹ̀bẹ̀ mọ̀ pé wọn kì í sọ pé kò ṣe é. Gbogbo ẹ̀bi lèèyàn ń kó jọ, títí kan èyí tí kò sí níbẹ̀, á kó o síwájú ẹni tó ń bínú, títí ojú á fi ti ìbínú fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ju Alhaji Jẹ̀lílì lọ. Ìgbéyàwó tó ti fi ẹ̀bẹ̀ tún ṣe ní Peckham pọ̀ ju bíríkì ilé lọ.

"Kò sí èyí tí kò lè ṣe tán, màdáámù. A ò wá jiyàn. Ẹ ṣáà dárí jì í."

"N ò ṣe nǹkan kan!" Gíláàsì ilẹ̀kùn gbọ̀n.

Alhaji ò gbórí sókè. "Làtíìfù, panu mọ́. Àwa ń bẹ̀bẹ̀, ìwọ ń ṣagídí. Dọ̀bálẹ̀!"

Ọ̀dọ̀ Alhaji yìí ni Làtíìfù sùn sí lálẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé London. Òun ló dúró bíi bàbá níbi yìgì rẹ̀. Kí ọpọlọ rẹ̀ tó sọ pé má dán an wò, àyà rẹ̀ ti kanlẹ̀. Bọ́ọ̀lù tú jáde nínú àpò, ọ̀kan yí lọ bá bàtà Bethany. Obìnrin náà wò ó nílẹ̀ níbẹ̀, Làtíìfù sì rí ohun tó ń rí: ọkùnrin tó jẹ̀bi.

Nígbà tí wọ́n wọ ọ́fíìsì, ẹkún ni Bethany ń sun. Ó yí ìwé àdéhùn iṣẹ́ kan tó wà lórí tábìlì kí Làtíìfù lè kà á. Ọdún méjì sí i ni wọ́n kọ síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lókè.

"Mi ò ka góòlù sí," ó ní. "Ọmọ mẹ́sàn-án ló ti fẹ́ fi ìwé sílẹ̀ tí ẹ dá padà fún mi."

"Àwọn bàbá yẹn ò mọ nǹkan kan o. Bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn."

"Mo gbà yín gbọ́, Latif. Àmọ́ tí irú ọ̀rọ̀ yẹn bá ti wọ etí mi nípa àwọn ọmọ, mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Òfin ni. Ẹ ní láti wà nílé títí wọ́n á fi wádìí."

Ó gba káàdì géètì lọ́wọ́ rẹ̀. Làtíìfù gbàgbé bọ́ọ̀lù síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wádìí. Wọ́n bi gbogbo àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Malachi, kápúténì wọn, ní ìyà kan ṣoṣo tí Kóòṣì fi jẹ àwọn ni pé etí àwọn ń hó dòní. Lẹ́tà wá pé àwọn ò rí ẹ̀bi kankan. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà ni àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ti parí láìfọwọ́ sí tuntun, ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ti gba ẹlòmíì láti Bermondsey, tó ń ya bí wọ́n ṣe máa gbá bọ́ọ̀lù sórí tábílẹ́ẹ̀tì. Ẹni yẹn ti jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mẹta. Làtíìfù dúró lẹ́yìn fẹ́ńsì wo ẹ̀kẹta. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n padà sẹ́yìn, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ẹni tó ké.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, aago ẹnu ọ̀nà dún. Alhaji Jẹ̀lílì àti àwọn àgbà méjì yẹn ni. Wọ́n ti ṣí fìlà. Mìsítúrà, tó ti ń sùn ní yàrá ọmọ wọn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn lẹ́yìn wọn.

"Làtíìfù, ìyàwó ẹ ló tún rán wa," Alhaji wí. "A ò wá jiyàn. Gbogbo ohun tó ṣe, òun àti àwa la jọ jẹ̀bi. Fojú fò ó." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún onírin yẹn.

Làtíìfù sáré dì í mú lábíyá. Ọ̀rọ̀ tó wà níkùn rẹ̀ tó láti mú kí odò Thames kún bolẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ti gba gbogbo ẹ̀bi tán, kí lo tún fẹ́ bá a sọ? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i bí ẹ̀bẹ̀ ṣe lágbára tó, tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

"Mo ti dárí jì í, sà."

"Kí lo wí?" Alhaji fọwọ́ sétí.

Làtíìfù tún un sọ. Ohùn tó ń mú kí wọ́n ti fèrèsé ní Bermondsey ò dé ọ̀dọ̀ Mìsítúrà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Alhaji ló yíjú padà, tó bá a sọ fún un.